Ẹ Bèèrè Ọgbọ́n Lọ́wọ́ Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ jọ sọ: báwo ni Kristẹni ṣe ń rí ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run?

Ìwé Jákọ́bù, orí 1, kọ́ wa pé kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ fún Ọlọ́run pé, “Baba, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.” Ọlọ́run kì í fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Sólómọ́nì ọba pẹ̀lú, nígbà tí Ọlọ́run ní kí ó tọrọ ohun tí ó ń fẹ́, kò tọrọ owó, kò tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ọgbọ́n ni ó tọrọ.

Nígbà tí a bá gbàdúrà tán ńkọ́? Ṣé kí a káwọ́ gbera, kí a máa wòkè ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ ìtàn ẹnì kan.

Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ọmọkùnrin kan ní Òṣoògùn. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé kíkà, láti orí A, bí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1843 ó di àlùfáà; ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù.

Òun ni ó ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ó gbàdúrà, ó sì ṣiṣẹ́. Ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, ó ń kọ òwe wọn sílẹ̀. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Thomas King àti àwọn mìíràn ràn án lọ́wọ́. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ láti ọdún púpọ̀ sì jóná. Kò jókòó ti eérú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1884, odidi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá.

Ṣé ẹ rí i? Ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún un gba etí àti ojú wọlé, ó sì gba ọwọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ìpájà wa níbí. Ká ní ẹnì kan gbé ìwé ilẹ̀ wá bá ìyá kan, tí ó ní, “Màmá, ẹ yára tẹ̀ka, ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó.” Kí ni kí ìyá náà ṣe? Kí ó kọ́kọ́ gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, kí ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Kí ó bi àwọn ará àdúgbò léèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀. Kí ó jẹ́ kí wọ́n bá a yẹ ìwé sọ̀fé rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá, kí ó lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Bí ẹni tí ó ń tà á kò bá fẹ́ kí a ka ìwé, ìdáhùn àdúrà nìyẹn.

Àmọ́ o, ọgbọ́n yàtọ̀ sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì lè máa pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Jákọ́bù, orí 3, fi hàn wá pé ọgbọ́n tí ó ti òkè wá kún fún àlàáfíà àti àánú. Bí ọgbọ́n wa bá ń pa aládùúgbò lẹ́kún, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó ti wá.

Àwọn àgbà ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ yín bá mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ bi í.

Lálẹ́ òní, ẹ ka ìwé Òwe, orí 2, ní ilé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, ẹ fàlà sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n tí yóò gbè wá.