Ṣé Kòkòrò Ló Wà Nínú Abẹ́rẹ́ Ìtọ̀ Ṣúgà?

Àwọn kan ń béèrè pé: "Tantí, ṣé lóòótọ́ ni pé kòkòrò ni wọ́n fi ń ṣe ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà?" Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ̀rù má bàa mú ìyá kan da abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ nù.

Ínsúlíìnì ló ń jẹ́ kí ara rí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò. Ara àwọn ọmọ kan kì í ṣe é mọ́. Láyé àtijọ́, inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Kòkòrò kan wà nínú ìfun wa tí ojú kò lè rí, E. coli lorúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé alákàrà kì í da ẹ̀wà sórí epo títí oníbàárà yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí: ìgbà tí ṣúgà inú wàrà bá dé ló tó máa ń ṣe ohun tó fi ń jẹ ẹ́. Bọ́tìnì kan wà nínú ara rẹ̀ tó ń tan iṣẹ́ yẹn, tó sì ń pa á. François Jacob àti Jacques Monod, ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1961. Ní 1978, àwọn onímọ̀ ní California so iṣẹ́ ínsúlíìnì ènìyàn mọ́ bọ́tìnì yẹn gan-an. Wọ́n tan án, kòkòrò náà sì ṣe é. Ní 1982, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún aláìsàn.

Kòkòrò kankan kò sí nínú ìgò náà o. Wọ́n ti sẹ́ ẹ mọ́, bí ẹ ṣe ń sẹ́ ògì tí ẹ ń da èérí nù.

Ọmọ tó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tó ń mumi ṣáá, tó ń jẹun síbẹ̀ tó ń rù, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ínsúlíìnì, ẹ má fi àgbo rọ́pò rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá gbà á mọ́, ó lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Oòrùn ń ba ínsúlíìnì jẹ́. Bó bá sì dì bíi yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò ní fíríìjì, kó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, kó da iyanrìn tó rin fún omi sáàárín wọn, kó fi aṣọ tútù bò ó níbi ìbòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kí omi má gbẹ níbẹ̀.

Ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ pàtẹ. Ó dàbọ̀ o.