Àmì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá Àyè Fún: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà Ìtẹ̀wé



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ẹni tó bá fẹ́ to ọ̀rọ̀ Yorùbá sójú bébà, àmì ohùn àti àmì ìdí lẹ́tà ni kó kọ́kọ́ wá àyè fún. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń to pósítà parí ná, kí wọ́n tó rántí àmì. Nígbà yẹn, àyè ti tán.

Ẹ wo lẹ́tà ẹ́ dáadáa. Ó ní àmì lórí, ó ní nídìí. Bí ẹ bá to ìlà mọ́ra bí wọ́n ṣe ń to ti Gẹ̀ẹ́sì, àmì ìdí lẹ́tà tó wà ní ìlà òkè yóò wọ inú àmì ohùn tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀, òǹkàwé kò sì ní mọ èwo ni ti èwo. Bí lẹ́tà yín bá jẹ́ pọ́ìǹtì 12, tí ẹ máa ń fún ìlà Gẹ̀ẹ́sì ní 14, ẹ dán 16 tàbí 17 wò fún Yorùbá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí kò bá sí nínú àpótí kò lè dé ojú ìwé.  Lónìí, fọ́ǹtì ló dúró bí àpótí yẹn. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní: ṣe ni kọ̀ǹpútà ń so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa yóò gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gentium àti Charis tí àjọ SIL ṣe ń gbé e síbi tó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Ẹ tún dé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ní Èkó, kí iṣẹ́ tó parí, kí ẹ dúró tì wọ́n. Bébà tí kò dán máa ń fa íǹkì. Íǹkì á ràn, àmì kékeré á sì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Kò sí bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe lè fi èyí hàn yín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní iṣẹ́ kan ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àmì rẹ̀ pé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tí àmì rẹ̀ kò bá pé kò tíì parí. Ẹ má gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé.