Ẹni tí yóò máa fi tẹlifóònù tajà: báwo ni a ṣe ń yàn án?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé pẹ̀lú wa, ẹ mú ìwé àti bíìkì yín sí tòsí.

Lónìí, ọ̀rọ̀ wa dá lórí iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ wa ń wá lọ sí Páràkú àti Kútọnù: iṣẹ́ títa ọjà lórí tẹlifóònù. Ilé iṣẹ́ kan wà tí kì í ta iṣu, tí kì í ta kajú. Iṣẹ́ ni ó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe: ó ń bá wọn ṣírò owó, ó ń bá wọn tẹ ìwé, ó ń fún wọn ní ọdẹ tí yóò ṣọ́ ilé. Ó nílò ẹni tí yóò máa pe àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, tí yóò ṣàlàyé fún wọn títí wọn yóò fi rà.

Kí ni ó yẹ kí a wò lára irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Èkíní ni ohùn àti etí. Oníbàárà kò rí ojú ẹni tí ń pè é, kò sì lè fọwọ́ kan ọjà. Ohùn nìkan ni ó wà láàárín wọn. Àwọn àgbà ní, ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí kò lè jẹ́ kí oníbàárà sọ̀rọ̀ tán kò lè mọ ohun tí ó ń fẹ́.

Èkejì ni òtítọ́. Irọ́ lè ta ọjà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n oníbàárà kò ní í padà wá.

Ẹ̀kẹta ni ìwé kíkọ. Ẹni tí ó pe ogójì ènìyàn lójúmọ́ kò lè fi orí rántí gbogbo wọn. Ó ní láti kọ orúkọ, nọ́mbà, ohun tí wọ́n sọ, àti ọjọ́ tí yóò tún pè.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè fi nǹkan wọ̀nyí hàn. Kí ọ̀gá fi ẹni náà sí yàrá kan, kí ẹlòmíràn ṣe bí oníbàárà ní yàrá kejì, kí ó sọ pé, “Ó wọ́n jù,” tàbí, “N kò ráyè.” Kí a gbọ́ bí yóò ti dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí a ka ohun tí ó kọ sílẹ̀. Kí a sì kọ́ ọ pé òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 ń dáàbò bo orúkọ àti nọ́mbà àwọn ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ní kí a má pe òun mọ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì ṣíwọ́.

Ó wá kan ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tí ń wáṣẹ́. Nínú ìwé ìwáṣẹ́, ẹ má gbàgbé láti kọ àwọn èdè tí ẹ gbọ́. Faransé ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tún gbọ́ Nàgó, Bàrìbá tàbí Fọ̀n lè bá ọ̀pọ̀ oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́mbà yín pé. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́mbà tẹlifóònù ní Benin ti kúrò ní oníẹyọ 8, ó ti di oníẹyọ 10, 01 ni ó sì ń ṣíwájú. Ẹni tí ó bá fi 01 sílẹ̀, ọ̀gá lè fẹ́ gbà á, kí ó má rí i pè.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó rí iṣẹ́. Ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ ni í sanwó, kì í gbowó. Ẹ má ta iṣu tàbí ewúrẹ́ nítorí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ANPE, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bá ènìyàn wá iṣẹ́.

Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ wo oye owó oṣù. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní 52,000 sẹ́fà. Bí wọ́n bá ní ìdá lórí ọjà tí ẹ tà nìkan ni ẹ ó máa gbà, ẹ béèrè pé: oṣù tí ọjà kò bá tà ńkọ́? Ẹ wo wákàtí iṣẹ́ pẹ̀lú: 40 ni òfin wí lọ́sẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọn yóò fi orúkọ yín sílẹ̀ ní CNSS, tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì.

Iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe nílé nìyí. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́mbà yín oníẹyọ 10, àti gbogbo èdè tí ẹ gbọ́. Kí ẹlòmíràn kà á sí yín létí. Bí ó bá kà á láìṣì, ẹ ti kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìwáṣẹ́ yín.