Níbo ni Ọkọ̀ Yín Máa Sùn?

 

Ìbéèrè tí a máa fi ṣíde lórí rédíò lónìí wá nínú lẹ́tà agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnká, n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wálé ní Kérésì. Lọ́hùn-ún, wọ́n ti rí mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì, ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tí ìdílé máa ń wà lọ sẹ́bàá odò, tí wọ́n á sì sùn síbẹ̀ ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó padà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílé. Bàbá ní bọ́ọ̀sì Coaster àtijọ́ kan tó wà nílẹ̀. Wọ́n fẹ́ yọ àga inú rẹ̀, kí káfíńtà to bẹ́ẹ̀dì sí i, kí wọ́n sì kó tọmọtìyá lọ síbi tí odò ti dára wò. Ìyá wá ní ká bá òun bi wọ́n: ṣé orí wọn pé ṣá?

Ìyá wa, orí wọn pé. Ẹ̀yin àgbà ẹ ó rántí àwọn eléré orí ìtàgé wa, Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládipọ̀, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún ni ọkọ̀ fi jẹ́ ilé fún wọn. Aṣọ eré, ìlù, ìkòkò ọbẹ̀, ìyàwó àti ọmọ, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bá ìlú lọ. Kí àwọn òyìnbó tó wá fi mọ́tò onílé han àwọn ọmọ wa, a ti ń jẹ, a ti ń sùn lójú ọ̀nà.

Ohun tí mo kàn rí nínú lẹ́tà yín ni pé orí mọ́tò ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé: irú bẹ́ẹ̀dì, irú kọ́tìnì, ta ni yóò kun ún. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí mọ́tò náà máa sùn. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbádùn àti ewu ti yà fún ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí omi fúnra rẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ará Ìbàdàn ní ohun tí odò lè ṣe? Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo ilé, tó gbé mọ́tò, tó sì pa èèyàn rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣe ìlú yìí bí ọṣẹ ti ń ṣe ojú. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn, Ògùnpa kan náà yẹn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Odò kì í fi ojú kan ṣoṣo han èèyàn lọ́dún, òjò tó sì ń mú un kún lè má rọ̀ níbi tí ẹ wà rárá. Ó lè rọ̀ lókè odò, níbi tó jìnnà sí yín, kí òṣùpá máa tàn lórí yín, kí omi sì dé lóru.

Nítorí náà, yanrìn funfun tó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tó wu ojú, tó dà bíi pé wọ́n dìídì tẹ́ ẹ fún mọ́tò yín, ilé odò ni. Ó kàn jáde lọ ni. Ẹ má gbé ọkọ̀ sínú ilé onílé. Bí ẹ bá dé etí odò, kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ gbójú sókè wo ẹ̀ka igi. Bí ẹ bá rí koríko gbígbẹ, pàǹtí àti náílọ́ọ̀nù tó há sáàárín ẹ̀ka, ibi tí omi dé lásìkò òjò nìyẹn. Ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ wà lókè ju ibẹ̀ lọ, kí orí rẹ̀ sì kọ ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde, kó má lọ jẹ́ pé ìgbà tí omi bá ń bọ̀ ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi rìfáàsì. Ẹ bi apẹja, ẹ bi obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀. Ìdáhùn wọn lórí odò yẹn ju ti fóònù lọ.

Kérésì tí àwọn ọmọ yín mú dára. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, odò ti fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ti le, táyà kò ní rì. Ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ kíyè sí, nítorí kùrukùru àárọ̀ kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí iwájú. Àsìkò Àjíǹde ni mi ò fọwọ́ sí. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá ìjì líle wá, igi ńlá tí ẹ sá sábẹ́ rẹ̀ nítorí oòrùn lè já ẹ̀ka lé orí ọkọ̀.

Ó kan ibi tí ẹ máa lọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú agbo ilé yóò ní kí ẹ lọ sí Igbó Ọba Ọ̀yọ́ Àtijọ́, ọgbà ìjọba tí odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tó lẹ́wà ni, ìtàn wa sì wà níbẹ̀, nítorí àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó náà. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ààbò ṣe rí lágbègbè àwọn igbó ńlá wa lákòókò yìí, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó kó ọmọ lọ sùn síbẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tó máa rọrùn. Ẹ jẹ́ kó rọrùn ná.

Òṣogbo ńkọ́? Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ibi àwòyanu ni, pẹ̀lú àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ gbé kalẹ̀. Ẹ lọ wò ó lójúmọmọ. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pàgọ́. A kì í pa ẹja níbẹ̀, a kì í dọdẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi rẹ̀ sì tún wà, ó dùn mí láti sọ ọ́. Ìwakùsà wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ odò Ọ̀ṣun di aláwọ̀ ẹrẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Lọ́dún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi omi odò se ọbẹ̀, ẹ gbọ́ o. Omi mímu àti omi ìdáná, láti ilé ni kí ẹ ti gbé e.

Èyí tí mo fọwọ́ sí ni Ìkọ́gòsì, ní Èkìtì. Omi gbígbóná ń ṣàn níbẹ̀, omi tútù ń ṣàn, àwọn méjèèjì wá pàdé lójú kan, tí ẹ lè ti ẹsẹ̀ kan bọ èyí kí ẹ sì ti ìkejì bọ ìyẹn. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe àgọ́ níbẹ̀, nítorí náà pípàgọ́ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wọn. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé ó ní ọgbà, ó ní géètì, ó ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ẹ béèrè gbangba: ṣé bọ́ọ̀sì wa lè sùn nínú ọgbà yín? Èèyàn inú rẹ̀ ń kọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo la máa lò? Bí wọ́n bá ní "a ó ṣe é tí ẹ bá dé," ẹ má kúrò nílé. Ìlérí tí kò ní iye owó àti orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹ̀yin ni yóò dá dúró sí ẹnu géètì lálẹ́.

Ọ̀nà náà rèé. Láti Ìbàdàn ẹ ó gba Aṣèjíire, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí ilé wa lè rí omi ẹ̀rọ (àwọn ọjọ́ tó bá wù ú láti yọ). Ẹ ó kọjá Ifẹ̀, ẹ ó kọjá Iléṣà, ẹ ó gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Àràmọ̀kọ̀, kí ẹ tó yà sí Ìkọ́gòsì. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ dúró wo omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n wò ó. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, ìpele rẹ̀ méje ni, ìpele àkọ́kọ́ sì tó fún ẹni tó wọ sálúbàtà. Kí bọ́ọ̀sì wọ ọgbà kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ "a ó máa lọ díẹ̀díẹ̀." Ọ̀nà igbó àti òkè wa kì í ṣe ti òru mọ́, ohun tí àwọn ajínigbé ń fojú èèyàn rí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí mọ́tò bá bàjẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣú, ìlú tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ sùn, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí, tàbí ilé epo tí mọ́tò ńlá ń sùn sí.

Bàbá, ọ̀rọ̀ Coaster kàn yín báyìí. Pákó bẹ́ẹ̀dì wúwo. Omi náà wúwo: lítà kan, kílò kan. Bí ẹ bá so táǹkì onílítà 200 mọ́ ọn, ẹ ti gbé kílò 200 lé e kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹ wá mú gbogbo ìyẹn gun òkè Ẹ̀fọ̀n, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kọ́nà rẹ̀. Kí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó wo búréèkì. Bí ẹ bá ń sọ̀, jíà kékeré ni, kì í ṣe pé kí ẹ máa tẹ búréèkì títí yóò fi rùn. Ẹ wo ara táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán bí bàtà tuntun, nọ́ńbà yẹn kì í purọ́.

Ẹ sọ fún wẹ́dà pé kó má fi irin dí gbogbo fèrèsé. Mo mọ ìfẹ́ tí a ní sí irin ojú fèrèsé nílùú yìí. Ilé tó ń rìn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde méjì, kí èkejì jẹ́ èyí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí láti inú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ rédíò. Ẹ má dáná èédú nínú ọkọ̀ yẹn. Bí òtútù ọyẹ́ bá mú, ẹ má gbé àdògán wọlé pé kó mú inú ọkọ̀ móoru. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró wà nínú èéfín wọn tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá fà á sínú lójú oorun kì í mọ̀ pé òun ń kú lọ. Ìdílé mélòó la ti gbọ́ lórí rédíò yìí pé wọ́n sùn, wọn ò jí? Ẹ ra fáànù oníbátìrì àti iná sólà, ó tán.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, inú omi tó ń ṣàn ni, kì í ṣe inú adágún tí koríko ti hù sí. Àárín koríko yẹn ni ìgbín kéékèèké tó ń tan àtọ̀sí ajá kálẹ̀ ń gbé. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, oògùn rẹ̀ wà. Ẹ má sì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sétí odò. Ẹnìkan ń pọn omi nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí àwọn ọmọ ń pè lọ sí ìlú ọba láti wá gbádùn irú ọkọ̀ yìí, gbólóhùn díẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá gba ìwé ìwakọ̀ mọ́tò kéékèèké ní Bìrìtéènì láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1997 wá kò lè fi í wa ọkọ̀ onílé tó ń lo epo tí ìwọ̀n rẹ̀ ju kílò 3,500 lọ, àfi kó lọ gba àfikún tí wọ́n ń pè ní C1. Kí ọmọ yín wo ìwé rẹ̀ kó tó sanwó háyà. Wọn kì í sì sùn síbi tó wù wọ́n lọ́hùn-ún náà. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè láti pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún onímọ́tò. Ní etí Loch Lomond, láti ọdún 2017, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ láti oṣù kẹta sí oṣù kẹsàn-án kí ẹ tó pàgọ́ sí àwọn apá kan. Ẹ rí i pé níbi tí mọ́tò onílé ti pọ̀ bí omi, ìbéèrè tí mo bi yín náà ni òfin ń bi wọ́n.

Ìyá wa ní Bẹ́yẹrúnká, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn lọ. Ẹ di gààrí, ẹ̀kọ àti ẹja gbígbẹ láti Ọjà'ba, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹ ó ti rí oúnjẹ tó bá yín lára mu. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti ọjọ́ tí ẹ máa padà sílẹ̀ fún ẹnìkan nínú agbo ilé tí kò ní bá yín lọ. Ẹ̀yin tí ẹ rántí Màjà-Màjà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà tí Wọlé Ṣóyínká dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹ mọ̀ pé ìlú yìí wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ kó tó di ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1988. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lónìí ni 122, ọ̀fẹ́ ni pípè rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Bẹ́yẹrúnká.