Orí Fífọ́ Tí Kò Lọ Lára Aláìsàn Kídìnrín

Ẹ tẹ́tí díẹ̀, pàápàá ẹni tó bá ní aláìsàn kídìnrín nílé.

Ṣé ẹ mọ ohun funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́? Ó ní ẹbí kan tó ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹyẹlé, ojú kò lè rí i. Cryptococcus làwọn dókítà ń pè é. Afẹ́fẹ́ ni a fi ń mí i símú. Ara tó lágbára á ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí tó ń lo prednisone lójoojúmọ́, ó lè ráyè lára irú wọn, kó sì dé awọ tó bo ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní SIDA.

Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójijì. Orí á máa fọ́ lónìí, lọ́la, ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di méjì. A ó ní palú ni. Lẹ́yìn náà ni èébì, ọrùn líle, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ tí kò lórí mọ́. Ibi tó ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí: ìdọ̀tí tí kídìnrín kò lè fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ náà ń fa èébì àti ọ̀rọ̀ kántankàntan. Ni wọ́n á bá ní, "Àìsàn rẹ̀ àtijọ́ náà ni." Ẹ má gbà o. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àwọn kan ní fífa omi ẹ̀yìn ló ń sọni di arọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fà á, orí fífọ́ náà sábà máa ń rọlẹ̀, torí omi yẹn ló ń ti ọpọlọ.

Oògùn rẹ̀ wà, oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń lò ó. Amphotericin, ọ̀kan nínú wọn, lè pa kídìnrín lára, nítorí náà ẹ tètè sọ fún dókítà pé aláìsàn kídìnrín ni. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, pípa ló ń pani.

Ẹ̀yin tó ń ra oògùn orí igbá, ibuprofen àti diclofenac tí a ń gbé mì fún orí fífọ́ máa ń ba kídìnrín tó ti ṣàárẹ̀ jẹ́ sí i. Dexamethasone tí àwọn obìnrin ń lò láti fi sanra, òun gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn fún irú àrùn yìí. Èyí tí dókítà bá kọ fún yín ńkọ́? Ìyẹn, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ẹ bá a jẹun, ẹ sùn tì í. Ilé ẹyẹlé nìkan ni kó má gbá. Kí ẹlòmíràn wọ́n omi sí i, kó bá a gbá a.