Ìwé Àṣẹ Ṣáájú Ìwé Ìwáṣẹ́

Nọ́ọ̀sì láti Èjìnrìn, ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń wá iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn, nítorí Health Service Commission, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ Èkó, bí èyí tó wà ní Àgbówà àti Ẹ̀pẹ́, yàtọ̀ sí Primary Health Care Board, tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé, ìyẹn ìtọ́jú àkọ́kọ́ ládùúgbò, bí àjẹsára àti ìgbẹ̀bí. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ìyálọ́mọ lóru, tí dókítà kò sì sí nítòsí. Irú ìmúrasílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju aṣọ tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ló ṣáájú gbogbo èyí: ọdún 3 ni ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì máa ń lò kí wọ́n tó tún un gbà. Kí olùwáṣẹ́ yẹ tirẹ̀ wò lónìí.