Ikú Mínísítà Ìdájọ́



Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ọdún 2001, wọ́n yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà ni o! Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ ti lọ jẹun.

Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ní Ọ̀ṣun ni Ìgè. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Olóyè Bísí Àkàndé, ló ń ṣe gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà. Wọ́n mú àwọn kan lórí ikú Ìgè. Ọ̀kan nínú wọn wọlé ìbò sẹ́nétọ̀ láti àhámọ́ ní 2003, kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀. Títí dòní, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà.

Ẹni tó jí ewúrẹ́ kì í pẹ́ dẹ́wọ̀n, àmọ́ ti ẹni tó pa mínísítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló wá fẹ́ bá ìyá ọlọ́jà wí, tó bá ní òun ò lọ fẹjọ́ sùn ní tésàn ọlọ́pàá mọ́?